Ọkọ mi fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ṣọ́jà, a sì ń wá ọmọ: ta ni yóò san owó IVF?

ÌrètíNíKilleen

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọkọ mi ti wà nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ayé MAVNI, ètò tó jẹ́ kí àwọn tí ò tíì ní gíríìnì káàdì lè wọṣẹ́ nígbà náà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ dojú dé níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, kórópọ̀n rẹ̀ kan sì ṣèṣe, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Látìgbà náà la ti ń retí ọmọ. Wọ́n yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò pọ̀ rárá, wọ́n ní IVF, ìyẹn pípo ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní làbù, ló máa yá jù. Ilé ìwòsàn aládàáni tí a lọ ní 18,000 dọ́là, oògùn ò sí nínú rẹ̀. Mo pe TRICARE, ètò ìlera àwọn ológun àti ẹbí wọn, obìnrin tó gbé fóònù ní àwọn kì í san owó IVF, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹni ọdún 36 ni mí. Ọdún tó ń bọ̀ ni ìwé iṣẹ́ ọkọ mi máa parí. Màmá ọkọ mi tó wà ní Abẹ́òkúta ní ká kó owó wá sílé, pé àwọn mọ dókítà kan l'Ékòó. Wọn ò bú mi rí, àmọ́ tí wọ́n bá ti pè, àdúrà ọmọ ló ń ṣáájú kí wọ́n tó béèrè bí mo ṣe sùn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba ò ní san kọ́bọ̀? Ṣé kí ọkọ mi tún fọwọ́ sí ọdún míì ni, àbí VA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ológun tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á ràn wá lọ́wọ́ tó bá kúrò?

Jẹ́jẹ́_Georgia

Àbúrò mi, òótọ́ lobìnrin yẹn sọ. Owó àpò wa lèmi àti ọkọ mi fi ṣe tiwa. TRICARE á san owó àyẹ̀wò, á san owó iṣẹ́ abẹ tí ibì kan bá dí tàbí tí ìju bá wà nínú ilé-ọmọ, àmọ́ tó bá ti di pé kí wọ́n po ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ ní làbù, wọ́n á ní kò kan àwọn. IUI pàápàá, ìyẹn gbígbé àtọ̀ sínú ilé-ọmọ tààrà, wọn kì í san án. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó.

Ṣájẹ́ńtì_Àná

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ wí rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ṣe fún gbogbo wọn. Kí n tó kúrò nínú iṣẹ́, yunítì tí wọ́n ń kó àwọn tó fara pa sí ni mo wà, mo sì fojú ara mi rí i tí wọ́n san owó IVF fún ṣọ́jà.

Ètò kan wà lọ́tọ̀ fún ṣọ́jà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ìfarapa tàbí àìsàn ńlá sọ di ẹni tí kò lè bímọ mọ́ láìsí ìtọ́jú. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí Category II tàbí Category III, wọ́n á san ti fífa ẹyin, ti fífa àtọ̀, ti pípò wọ́n pọ̀, títí dé orí dídá ọlẹ̀ padà sínú ilé-ọmọ. IVF mẹ́ta tó parí ni wọ́n fàyè gbà, ìgbìyànjú ò sì gbọdọ̀ ju mẹ́fà lọ. Ìyàwó ò nílò kó jẹ́ ṣọ́jà kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ lábẹ́ ètò yìí. Tẹ́lẹ̀, tọkọtaya tó ti ṣègbéyàwó nìkan ni, ẹyin àti àtọ̀ tara wọn ni wọ́n sì gbọdọ̀ lò. Oṣù Kẹta 2024 ni wọ́n yọ méjèèjì kúrò, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ lo ti ẹlòmíì, ẹ̀yin lẹ máa fowó yín rà á.

Ẹni tó ń gbé fóònù fún TRICARE ò lè mọ ìyẹn. Dókítà tó ń tọ́jú ọkọ yín ló máa kọ ìwé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.

Obìnrin_Ológun

Ìrètí, ẹ kú ìfaradà. Mo lo ọdún tó pọ̀ nínú Air Force, VA ló sì san owó tí mo fi bí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ Ṣájẹ́ńtì ṣe díẹ̀, torí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn.

Category II ni ẹni tó fara pa débi pé wọn ò retí pé á padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín àkókò tí ẹ̀ka rẹ̀ là sílẹ̀. Category III ni ẹni tó jọ pé ìfarapa náà máa lé kúrò nínú iṣẹ́ pátápátá. Ẹ ti sọ pé ọkọ yín padà sẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń sáré ìdánwò ara, tó ń ṣe gbogbo ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kò sí nínú ẹ̀ka méjèèjì. Kó béèrè o, kó má fi sílẹ̀, àmọ́ ẹ má gbé gbogbo ìrètí yín lé ibẹ̀.

Ìbéèrè tí VA ń béèrè yàtọ̀. VA ò bìkítà bóyá ó padà sẹ́nu iṣẹ́ tàbí kò padà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé ohun tí kò jẹ́ kó lè bímọ láìsí ìtọ́jú ti ara iṣẹ́ ológun wá? Tí wọ́n bá ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, IVF ti wà nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀, tiyín náà sì wọ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Lọ́dún 1992 ni òfin lé IVF kúrò nínú ìtọ́jú VA. Òfin ọdún 2016 ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀ padà fún àwọn tí iṣẹ́ ló ṣàkóbá fún, ìtọ́jú sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlànà tuntun lọ́dún 2017. Àwọn náà tẹ̀ lé àtúnṣe oṣù Kẹta 2024 tí Ṣájẹ́ńtì sọ. Ohun kan tí wọn kì í san ni kí obìnrin míì bá yín gbé oyún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí náà: IVF nìkan ni wọ́n so mọ́ ìfarapa ẹnu iṣẹ́. Àyẹ̀wò àtọ̀, àyẹ̀wò homónù, àwòrán ilé-ọmọ, oògùn tó ń mú ẹyin gbó, iṣẹ́ abẹ, kódà IUI tí TRICARE kì í san, ẹ̀tọ́ ológun tó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú VA ni, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ló fa àìsàn ọ̀hún tàbí kì í ṣe òun.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ná owó kankan, ẹ jẹ́ kí ohun tó fà á wọ inú ìwé. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ pé “àtọ̀ kò pọ̀” nìkan ló wà níbẹ̀. Kí dókítà kọ ọ́ pé ó kéré tán, ìdajì sí ìdajì ni pé ìjàǹbá ọkọ̀ yẹn ló fà á. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo nǹkan rọ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Tacoma

Ẹ dákun, kí ọ̀rọ̀ owó tó lọ jìnnà: ṣé ọkọ yín ń lo testosterone?

ÌrètíNíKilleen

Ó ń lò ó o. Jẹ́ẹ̀lì ni, èjìká ló ń fi pa láràárọ̀. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní testosterone rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Kí ló dé?

Nọ́ọ̀sì_Tacoma

Ohun tí mo rò náà nìyẹn. Mo máa rọra ṣàlàyé rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún nígbà tí wọ́n ń fún wọn ní oògùn náà.

Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí kórópọ̀n pé kó ṣiṣẹ́. Homónù méjì ló fi ń ránṣẹ́, LH àti FSH. Tí testosterone bá ti wọ ara láti ìta, ìbáà jẹ́ jẹ́ẹ̀lì tàbí abẹ́rẹ́, ọpọlọ á rò pé ó ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní ránṣẹ́ mọ́. Kórópọ̀n á wá dáwọ́ dúró. Àtọ̀ á dínkù, nínú ara ẹlòmíì ó lè lọ tán pátápátá. Okun ọkùnrin á wà, á máa bá ìyàwó lò pọ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi ní sẹ́ni tó máa fura sí oògùn.

Nítorí náà, èsì àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì sọ òótọ́ tán. Kò sẹ́ni tó lè wò ó kó mọ èyí tó jẹ́ ti ìjàǹbá àti èyí tó jẹ́ ti jẹ́ẹ̀lì. Kó má kàn jù ú nù láàárọ̀ ọ̀la o, àárẹ̀ rẹ̀ lè padà dé gan-an. Kó lọ rí urologist, dókítà tó ń tọ́jú nǹkan ọmọkùnrin, kó sọ ọ́ gbangba pé àwọn ń wá ọmọ. Wọ́n lè fi oògùn míì bíi clomiphene tàbí hCG rọ́pò rẹ̀, ìyẹn á gbé testosterone sókè láìdá kórópọ̀n dúró. Àtọ̀ tuntun máa ń gbà tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kó tó gbó, nítorí náà ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ kejì kẹ́ ẹ sì sọ̀rètí nù. Ẹlòmíì máa ń tó oṣù mẹ́fà, ẹlòmíì ju ọdún kan lọ. Tó bá gbéra díẹ̀ pàápàá, ẹ lè rí i pé IUI ti tó yín.

Títí dìgbà náà, tó bá ti fi jẹ́ẹ̀lì para, kó fi ọṣẹ fọwọ́, kó wọ ẹ̀wù tó bo èjìká kó tó sún mọ́ yín. Ó máa ń ràn mọ́ ara obìnrin, kò sì dáa fún ẹni tó ń retí oyún.

Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ AMH yín wò lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ lè mọ bí ẹyin tó kù ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún 36, àyè ṣì wà láti dúró de àtọ̀ fún oṣù díẹ̀, àmọ́ tí AMH bá ti lọ sílẹ̀ jù, ìdúró yẹn ò ní dáa. Ẹ béèrè genotype yín méjèèjì náà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yẹ ọkọ yín wò lẹ́nu iṣẹ́, kó wò ó nínú fáìlì rẹ̀, tiyín ńkọ́? Tó bá jẹ́ AS àti AS ni yín, wọ́n lè yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó dá a padà, kẹ́ ẹ má bàa fi gbogbo wàhálà yìí bí ọmọ SS. Owó tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ béèrè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ṣájẹ́ńtì_Àná

Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé jẹ́ẹ̀lì ló fà á, ṣé VA ò ní sọ pé kì í ṣe ìjàǹbá nìyẹn?

Obìnrin_Ológun

Kò ní ba nǹkan jẹ́ tí wọ́n bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ohun tí ìtọ́jú ìfarapa ẹnu iṣẹ́ bá bí, ìfarapa yẹn náà ni VA ń kà á sí, ohun tó tẹ̀ lé e ni. Ìjàǹbá ló ba kórópọ̀n jẹ́, kórópọ̀n tó bàjẹ́ ló jẹ́ kí testosterone lọ sílẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi kọ jẹ́ẹ̀lì fún un. Kí dókítà tò ó bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi jẹ́ẹ̀lì pamọ́, wọ́n á kúkú rí i nínú àkọsílẹ̀ ilé oògùn.

Tí kórópọ̀n kan bá ti kú tàbí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kó béèrè SMC-K pẹ̀lú, àfikún owó tí VA ń san fún ẹ̀yà ara tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Díẹ̀ lé ní 130 dọ́là ni lóṣooṣù, ó máa ń wá lórí iye tí wọ́n bá ń san fún un tẹ́lẹ̀. Ojú máa ń ti àwọn ọkùnrin wa láti béèrè rẹ̀. Kí ojú má tì í.

BàbáKékeré_Houston

Ẹ̀yin obìnrin àti ọkùnrin wọ̀nyí, gbogbo ìwé yìí ti pọ̀ jù. Èmi àti ìyàwó mi lọ sílé, Èkó la ti ṣe é, a bí ìbejì. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa kò tó ìdajì ti ibí. LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì Èkó, ti bí ọmọ IVF láti ọdún 1989, iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun lọ́wọ́ àwọn dókítà wa. Ẹ tẹ̀ lé ìmọ̀ràn màmá.

Jẹ́jẹ́_Georgia

Bàbá, a bá yín yọ̀ fún ìbejì. Àmọ́ ṣé ṣọ́jà lẹ̀yin nígbà yẹn? Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ṣọ́jà ò lè sọ pé òun fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ l'Ékòó torí pé ẹyin ìyàwó òun ò tíì gbó. Ìwé ìsinmi rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Tí ọlẹ̀ bá ṣẹ́ kù, Èkó ló máa wà, ẹ̀yin á sì wà ní Killeen. Owó tí ẹ bá ná níbẹ̀, VA ò ní dá a padà, torí wọn kì í san ohun tí wọn ò fọwọ́ sí ṣáájú.

Mo tún fẹ́ yí ohun tí mo kọ́kọ́ sọ padà díẹ̀, torí mo ti ka ti Obìnrin_Ológun. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ sí ti Ìrètí. Ìju ló dí mi lọ́wọ́, ara tèmi ni àìsàn wà, èmi ò sì ṣiṣẹ́ ológun rí. Kò sí ìfarapa ọkọ mi tí wọn ì bá fi san IVF fún wa.

BàbáKékeré_Houston

Èmi kì í ṣe ṣọ́jà, òótọ́ ni. Mi ò ro ti ìsinmi. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá já ìwé rẹ̀ sílẹ̀ ní VA, kó rántí pé ọ̀nà ilé ò tíì dí.

Ṣájẹ́ńtì_Àná

Kí ọ̀nà ilé tó kàn, ọ̀nà kan wà láàárín tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Àwọn ilé ìwòsàn ológun kan ń ṣe IVF fún àwọn tí TRICARE ò san fún: Walter Reed ní Bethesda, Womack ní Fort Bragg, Madigan lẹ́bàá Tacoma, Tripler ní Honolulu, ti Navy ní San Diego, àti èyí tó wà ní San Antonio. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀, àmọ́ ó rẹlẹ̀ púpọ̀ sí iye tí wọ́n pè fún yín, torí ibẹ̀ ni àwọn dókítà wọn ti ń kọ́ṣẹ́. Láti Killeen dé San Antonio kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Ìlà ibẹ̀ máa ń gùn, nítorí náà ẹ forúkọ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ọkọ yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá rí ọ̀nà míì, ẹ yọ orúkọ yín.

Àwa_Mẹ́ta_Maryland

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Èmi àti ọkọ mi tó wà nínú Navy gba ọmọ tọ́, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, torí láàárín àwa Yorùbá, ìgbà tí gbogbo nǹkan míì bá ti kọ̀ la máa ń rántí rẹ̀.

Ìjọba máa ń dá 2,000 dọ́là padà fún ṣọ́jà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá gbà tọ́, kò sì gbọdọ̀ ju 5,000 dọ́là lọ lọ́dún kan. DD Form 2675 ni ìwé rẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ti lọ́yà, ti ẹni tó wá yẹ ilé yín wò, gbogbo rẹ̀. VA náà ní irú rẹ̀ fún ẹni tí ìfarapa ẹnu iṣẹ́ kò jẹ́ kó lè bímọ. Láti ìparí ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ 12 ni ìsinmi tí ṣọ́jà tó gba ọmọ tọ́ ń gbà, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ẹni tó bímọ. Ọkọ mi lo tirẹ̀ pé.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra rè é. Àwọn ará ilé wa sọ pé ká wá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan, pé wọ́n á fi tọrẹ. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Àmọ́ Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn Hague lórí ìgbàtọ́ ọmọ, nítorí náà ọ̀nà ìwé I-600 lẹ máa gbà, èyí tó jẹ́ ti ọmọ aláìlóbìí. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà láàyè tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ò ní kà á sí aláìlóbìí, bó ti wù kí ẹbí fohùn ṣọ̀kan tó. A rí tọkọtaya tí kóòtù ilé ti fún níwèé, tí ọmọ ò sì rí físà gbà. Ẹ bá lọ́yà ìwọ̀lú sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni nílé.

ÌrètíNíKilleen

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí ọkọ mi lálẹ́. Inú bí i díẹ̀ lórí ti jẹ́ẹ̀lì, kò sẹ́ni tó sọ fún un. A ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ urologist, mo ti ṣe AMH, a ń retí èsì. AA ni mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ genotype ti kúrò nílẹ̀. Mo ti pe San Antonio, wọ́n ti fi orúkọ wa sórí ìlà.

A wá inú fáìlì rẹ̀ lọ. Ìwé iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, àmọ́ a ò rí ìwé tó sọ pé ẹnu iṣẹ́ ló wà nígbà tí ọkọ̀ dojú dé. Ó ní òun rántí pé ẹnì kan kọ nǹkan nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ṣé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ṣájẹ́ńtì_Àná

Kò bàjẹ́. DA Form 2173 lẹ ń wá, ìwé tó ń jẹ́rìí bóyá ẹnu iṣẹ́ ni ṣọ́jà wà nígbà tó fara pa. Kó lọ bá S1, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé àwọn ṣọ́jà, ní yunítì tó wà nígbà ìjàǹbá, kì í ṣe èyí tó wà báyìí. Tí wọn ò bá rí i, ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ náà ti tó láti fi hàn, pẹ̀lú ìwé ẹlẹ́rìí látọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀. Kó wá wọn kàn nígbà tí wọ́n ṣì wà nítòsí. Tí wọ́n bá ti ká káàkiri tán, wíwá wọn á di iṣẹ́.

Lórí ìbéèrè tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: tí kò bá sí ìdí míì tó fi fẹ́ fọwọ́ sí ọdún kún ọdún, kó má tìtorí IVF ṣe é.

Obìnrin_Ológun

Mo fara mọ́ ọn. Kó fi ìwé ìfarapa rẹ̀ sílẹ̀ ní VA lábẹ́ BDD, ètò tó jẹ́ kí ṣọ́jà lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ kó tó kúrò, láàárín 180 sí 90 ọjọ́ kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá fi kọjá 90, ó ṣì lè fi sílẹ̀, àmọ́ ìdájọ́ rẹ̀ á pẹ́. Kó kọ ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí náà lọ́tọ̀ nínú ìwé náà. Tó bá kọ “ìbàdí” nìkan, ìbàdí nìkan ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Tí wọ́n bá pè é fún àyẹ̀wò, kó mú èsì àtọ̀ méjèèjì dání, ti ìgbà jẹ́ẹ̀lì àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà láìtijú.

Kó gba ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ kó tó dá káàdì padà. Lọ́jọ́ tó bá sì kọ́kọ́ rí dókítà VA rẹ̀, kó béèrè pé kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ onímọ̀ ìrọ́mọbí, kó má dúró de ìdájọ́. Àyẹ̀wò rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ ò dúró dè é. IVF ló ń dúró.